Àìsàn Reye, Tó Ń Kọlu Ọpọlọ àti Ẹ̀dọ̀ Ọmọdé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Òbí ní Èkìtì

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò wọ́pọ̀ rárá. Dókítà mìíràn lè ṣiṣẹ́ títí á fi fẹ̀yìn tì láì rí ẹyọ kan. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé ohun méjì tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ òbí ni méjèèjì wà: oògùn tí a fi sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, àti bí a ṣe tètè gbé e dé ilé ìwòsàn nígbà tí ìṣe rẹ̀ yí padà.

Kí ni àìsàn yìí gan-an?

Àìsàn Reye ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni ń sọ pé "Ráì" ni a ṣe ń pe orúkọ náà. Ó máa ń dé bá ọmọ tí ọ̀fìnkìn líle tàbí ṣíkìn-pọ́ọ̀sì (èyí tó máa ń so roro olómi sára ọmọ, tó sì ń yún un) ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi sílẹ̀. Ọpọlọ á wú, ọ̀rá á kún inú ẹ̀dọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì lè wálẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ọmọ tó ti ń béèrè oúnjẹ lè má dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́rìnlá ló ń mú jù, ṣùgbọ́n kò yọ ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Àgbàlagbà kì í sábà ní in.

Ta ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀?

Dókítà ará Australia kan ni, Douglas Reye, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Sydney. Ní 1963, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ 21 tí àìsàn wọn jọra: ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èébì, gìrì, àti àìmọ ohun tó ń lọ mọ́. 17 nínú wọn kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ara àwọn tó kú wò, ọpọlọ ti wú, ẹ̀dọ̀ sì ti di kìkì ọ̀rá.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1979 sí 1980, ọmọ 555 ni wọ́n kà pé ó ní in. Àwọn dókítà ibẹ̀ wá ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n ti fún ní aspirin nígbà tí ọ̀fìnkìn tàbí ṣíkìn-pọ́ọ̀sì ń ṣe wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún òbí láti 1980. Nígbà tó di 1986, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ìkìlọ̀ náà wà lára páálí aspirin. Láti 1994 sí 1997, àwọn ọmọ tó ní in ní gbogbo Amẹ́ríkà kò ju méjì lọ lọ́dún. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní 1986 sọ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ní aspirin mọ́. Ní 2002 wọ́n gbé e dé ọdún 16.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìpínrọ̀ yẹn kà. Kò sí oògùn tuntun tí wọ́n rí, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ṣe fún un. Àwọn òbí kàn jáwọ́ nínú fífún ọmọ ní oògùn kan ni. Èmi kò mọ ọ̀pọ̀ àìsàn ọmọdé tó ń pani tó sì rọrùn láti dínà mọ́ tó báyìí.

Ṣé kì í ṣe àìsàn òyìnbó ni? Ṣé ó lè wà ní Èkìtì níbí?

Ọ̀fìnkìn wà ní Èkìtì, ẹ sì mọ bó ṣe máa ń ṣe ọmọ tí ọyẹ́ bá dé. Ṣíkìn-pọ́ọ̀sì wà. Aspirin wà ní gbogbo kẹ́míìsì láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀mùò. Kí ló wá kù? Ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti mọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ọmọ tó gbóná, tó bì, tí gìrì sì mú, ibà ni gbogbo ilé máa sọ pé ó ń ṣe é, ìbá à ṣe ibà, ìbá à má ṣe ibà. Àyẹ̀wò amóníà (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ yẹ kó máa kó kúrò) tó máa ń tú àṣírí Reye pàápàá, kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ?

Nínú ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, àwọn ohun tín-tìn-tín kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ mitochondria. Ààrò ni wọ́n: ibẹ̀ ni ara ti ń dáná oúnjẹ di agbára. Nínú àìsàn Reye, iná àwọn ààrò yìí ló ń kú, ti inú ẹ̀dọ̀ ní pàtàkì. Ọ̀rá tó yẹ kí wọ́n jó á máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọmọ kò bá jẹun á dínkù, pàápàá lára ọmọ kékeré.

Ẹ̀dọ̀ náà ló tún ń kó amóníà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Amóníà yìí, láti ara ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran tí a ń jẹ ló ti ń wá; ara tó le ń sọ ọ́ di ohun tí a ń tọ̀ dànù. Tí ẹ̀dọ̀ kò bá rí i ṣe mọ́, amóníà á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á sì gun orí ọmọ lọ. Ọpọlọ á wá máa wú nínú agbárí. Egungun ni agbárí, kì í fẹ̀, nítorí náà ọpọlọ tó wú á máa fún ara rẹ̀ pa. Ohun tí ẹ̀ ń rí lójú, ìyẹn èébì, ariwo, ìjà àti oorun àsùnpiyè, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Ohun kan máa ń tan òbí jẹ. Ẹ̀dọ̀ ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọmọ kì í sábà pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń ṣe. Ẹ má ṣe dúró de ojú pípọ́n.

Ṣé aspirin ló ń fà á?

Àwọn onímọ̀ kò tíì lè tọ́ka sí gbogbo ọ̀nà tó ń gbà ṣẹlẹ̀. Ohun tó dájú ni pé fáírọ́ọ̀sì tó wà lára ọmọ àti aspirin tí a fún un, tí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n lè da ààrò inú ẹ̀dọ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti mu aspirin nígbà ọ̀fìnkìn tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n, mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ bẹ́ẹ̀ fún yín: "Ṣé kì í ṣe òun náà la fi tọ́ ìwọ dàgbà?" Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè wo ojú ọmọ kó mọ èyí tí yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn mìíràn wà tó ń mú ara ọmọ wálẹ̀ láìsí ewu yìí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí kò fẹnu kan aspirin rí lè ní irú àìsàn yìí. Mo dáhùn èyí lápá ìsàlẹ̀, níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ìdílé.

Oògùn wo ló ní aspirin nínú? Mi ò fún ọmọ mi ní aspirin rí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fún un láì mọ̀. Ẹ gbé páálí sójú ìmọ́lẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa wá níbẹ̀ ni "Aspirin", "Acetylsalicylic acid" tàbí "ASA". Ọ̀kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn páálí ló sì máa ń wà, kì í ṣe iwájú níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ oògùn gàdàgbà.

Etù Alábùkún tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́, aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Phensic náà bẹ́ẹ̀. Oògùn àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kò ṣe é fún ọmọdé. Mo mọ bó ṣe máa ń rí: ilẹ̀ ti ṣú, kẹ́míìsì ti tì, orí ń fọ́ ọmọ. Ìyá àgbà á tú ìdí aṣọ, á mú ìwé etù jáde, á fi eyín ya á létí, á da ìlàjì sínú ṣíbí, á po omi mọ́ ọn pẹ̀lú ìka. Ìlàjì yòókù á padà sínú aṣọ. Ìfẹ́ ni màmá fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí. Pípín tí ó pín in kò sọ ọ́ di oògùn ọmọdé. Ẹ fọ̀wọ̀ bá àwọn màmá wa sọ̀rọ̀ kí ọ̀fìnkìn tó dé, kó má di ìjà lóru.

Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju etù lọ ni oògùn tí wọ́n pò. Ẹ dé kẹ́míìsì, ẹ ní, "Ẹ bá mi mú oògùn ibà àti ara ríro fún ọmọ ọdún méje." Wọ́n gé funfun méjì, pupa kan, yẹ́lò kan kúrò lára sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n dì í sínú ọ̀rá kékeré, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò sí orúkọ lára ọ̀kankan. Tí ọmọ náà bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kẹta tí kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí a sì béèrè ohun tó lò, ìyá á ní, "Nọ́ọ̀sì, funfun ni." Kí la fẹ́ fi "funfun" ṣe?

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn omi oògùn inú rírun tó ní "bismuth subsalicylate" náà, ọmọ ìyá aspirin ni. Ìpara tó ní "methyl salicylate" kò sì yẹ fún ara ọmọ ọwọ́.

Kí wá ni kí n fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná?

Paracetamol. Ìwọ̀n ọmọ ni a fi ń mọ iye tó máa mu: mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó wọn kílò 10, mílígíráàmù 100 sí 150 ni lẹ́ẹ̀kan. Kí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà wà láàárín, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lóòjọ́. Ẹ lo ṣíbí inú páálí, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Paracetamol tó pọ̀ jù pàápàá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, torí náà ẹ má rò pé tí ẹ bá fi kún un á yára ṣiṣẹ́. Bí bàbá ti fún un ní aago mẹ́fà, kí ìyá mọ̀. Ẹ kọ ọ́ síbì kan.

Ibuprofen náà wà, kò ní aspirin nínú, ṣùgbọ́n ẹ má lò ó tó bá jẹ́ ṣíkìn-pọ́ọ̀sì, tàbí tí ọmọ ń bì tí kò sì mu omi. Ní tòótọ́, paracetamol tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ.

Ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀, ẹ fún un ní omi mu, kó sinmi. Ọ̀fìnkìn kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ara bá ń gbóná ju ọjọ́ kan lọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà malaria ní ilé ìwòsàn àdúgbò yín.

Àmì wo ni mo máa fi mọ̀?

Àkókò tó máa ń yọjú ló ṣe pàtàkì jù. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí ọ̀fìnkìn tàbí ṣíkìn-pọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ni. Ọkàn yín ti balẹ̀. Imú kò ṣàn mọ́, ara ti ń tutù. Lójijì, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kì í ṣe èébì ẹ̀ẹ̀kan tó jẹun jù: á bì, á tún bì, omi lásán tó mu á padà wá. Èyí gan-an ni àmì àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èébì, ìṣe rẹ̀ á yí padà. Á rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní í fẹ́ kí wọ́n dá òun jí, tàbí á máa kanra lórí ohun tí kì í bínú sí. Ọmọ jẹ́jẹ́ á máa jà, á máa bú èèyàn, á máa ta ẹsẹ̀, á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ẹ tọ́ka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ bi í pé, "Ta lèyí?" Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, ẹ má bi í ní ìbéèrè kejì, ilé ìwòsàn ló kàn. Tí a bá jókòó tì í, mímí rẹ̀ á yí padà, gìrì á mú un, kò ní í gbọ́ tí wọ́n bá pè é, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì lè le gbandi.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ó lè má bì púpọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti mímí kíákíá ni a máa ń rí lára tirẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ibà tó wọnú orí ni?

Ẹ kò ní mọ̀ nílé. Èmi náà kò lè mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ojú lásán. Ibà malaria tó gun ọpọlọ, àìsàn awọ ọpọlọ tó ń mú ọrùn le, májèlé, ibà Lassa tí a ń gbọ́ ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè wa, gbogbo wọn lè jọ ara wọn ní wákàtí àkọ́kọ́. Ní Èkìtì, ibà malaria ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn lọ́nà jíjìn réré. Inú mi sì dùn láti sọ pé ohun tí ẹ máa ṣe kò yàtọ̀: ọmọ tó gbóná láìpẹ́ yìí, tó ń bì, tí ìṣe rẹ̀ sì ti yí padà, ilé ìwòsàn ni ní wákàtí yẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe wàhálà orúkọ àìsàn.

Wọ́n ní iṣin náà máa ń ṣe ọmọ báyìí. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè, torí igi iṣin pọ̀ ní àgbàlá àti ẹ̀bá oko wa, àwọn ọmọ ló sì ń ká a. Iṣin tí kò tíì pọ́n ní májèlé kan tó ń jẹ́ hypoglycin. Iṣẹ́ tí májèlé yìí ń ṣe nínú ara fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Reye dọ́gba: kì í jẹ́ kí àwọn ààrò inú ẹ̀dọ̀ jó ọ̀rá, ṣúgà á wálẹ̀ pátápátá, ọmọ á bì, gìrì á mú un, kò ní í mọ ibi tó wà mọ́. Ní Burkina Faso ní 1998, ọmọ kéékèèké 29 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé irú rẹ̀ pa láàárín oṣù díẹ̀, iṣin tútù sì ni wọ́n dá lẹ́bi.

Iṣin tó la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, tí kóró dúdú rẹ̀ yọ síta, ni kí ọmọ jẹ. Kí wọ́n bó okùn pupa tó wà láàárín ara rẹ̀ dànù, kí wọ́n má fẹnu kan kóró. Èyí tí wọ́n fi igi já tàbí tí wọ́n fi ọwọ́ ya lẹ́nu kì í ṣe oúnjẹ. Tí ọmọ tó jẹ ẹ́ bá ń bì, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ. Kí ẹ sì sọ "iṣin" fún nọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ dá yín lóhùn.

Ìyá ọkọ mi ní gìrì ni, ká fún un ní àgbo. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é.

Mo bọ̀wọ̀ fún màmá, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè dá mímí rẹ̀ dúró. Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ fún un. Kí wọ́n má ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu, kí wọ́n má ta alùbọ́sà tàbí ata sí i lójú, kí wọ́n má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. A ń rí ojú tó fọ́ àti ẹsẹ̀ tó jóná ní wọ́ọ̀dù, lára ọmọ tí gìrì rẹ̀ ìbá dá fúnra rẹ̀.

Ní ti ayé tó ń ṣe é: mo mọ bí ẹ̀rù ṣe máa ń bani tí ọmọ bá ń pariwo, tí kò dá ìyá tó bí i mọ̀. Ó rọrùn láti sọ pé nǹkan kan ti wọ̀ ọ́ lára. Amóníà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọpọlọ. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín lè bá yín wọ mọ́tò, kí wọ́n máa gbàdúrà títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ má gbé ọmọ sùn ní ilé àdúrà.

Ibo ni kí a gbé e lọ, kí la sì máa gbé dání?

Tí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bá wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀ kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fún un ní omi ṣúgà sí ojú iṣan tó bá yẹ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn tí dókítà ọmọdé wà ní Èkìtì ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, àti ilé ìwòsàn Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ní Adó. Ẹ̀yin tó wà ní Ọ̀mùò tàbí apá Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà yín jìn, torí náà ẹ má dúró di ìgbà tí gìrì bá bẹ̀rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí èébì má bàa wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ tí kò jí dáadáa, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kò gbọdọ̀ jẹ́ oògùn, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi àdúrà, kò gbọdọ̀ jẹ́ òróró.

Gbogbo oògùn tó ti lò láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ da wọ́n sínú ọ̀rá kan, títí kan páálí tó ti ṣófo, ìwé etù tí wọ́n ti ya, ìgò àgbo. Ẹ sọ òtítọ́. Kò sí ẹni tó máa bú yín; bí nọ́ọ̀sì kan bá tilẹ̀ jágbe mọ́ yín, ẹ ṣì sọ ọ́. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ há sórí: "Ọ̀fìnkìn ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ń gbádùn, ó wá ń bì láti àná, kò sì mọ̀ wá mọ́; oògùn tó lò rèé." Dókítà tó bá gbọ́ ọ báyìí á ronú kan ẹ̀dọ̀ kíákíá.

Kí ni àwọn dókítà máa ṣe fún un?

Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wo ṣúgà, ibà malaria, bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì, àti amóníà. Wọ́n lè ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n sì lè fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àìsàn awọ ọpọlọ ni. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ fífa omi ẹ̀yìn yìí nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń sọ ọmọ di arọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí okùn ọpọlọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí.

Kò sí oògùn kan pàtó tó ń wo Reye sàn. Iṣẹ́ wa ni láti gbé ọmọ ró títí àwọn ààrò yẹn á fi tún jó. Omi tó ní ṣúgà á máa wọ iṣan rẹ̀, ní ìwọ̀n tí kò ní mú ọpọlọ wú sí i. A óò gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Oògùn bíi mannitol máa ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ. Vitamin K tàbí omi ẹ̀jẹ̀ wà fún ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, oògùn sì wà fún gìrì. Bí kò bá lè mí dáadáa, ẹ̀rọ á bá a mí. Ẹ̀rù á bà yín tí ẹ bá rí ọ̀pá lẹ́nu ọmọ yín. Ẹ bi wá léèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ṣé ó ń ràn?

Rárá. Ọ̀fìnkìn tàbí ṣíkìn-pọ́ọ̀sì tó ṣáájú rẹ̀ ló ń ràn. Àbúrò rẹ̀ lè kó ọ̀fìnkìn, torí náà ẹ má fún òun náà ní aspirin.

Dókítà ló kọ aspirin fún ọmọ mi nítorí ọkàn rẹ̀. Ṣé kí n dá a dúró?

Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Àwọn ọmọ kan wà tí aspirin jẹ́ dandan fún, irú àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, tàbí tí àìsàn Kawasaki (èyí tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wú) ṣe. Dókítà wọn ti wọn àǹfààní àti ewu rẹ̀ wò. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé ọjọ́ tí ọ̀fìnkìn líle tàbí ṣíkìn-pọ́ọ̀sì bá kan ilé yín, ẹ pe dókítà náà lọ́jọ́ yẹn gan-an kó sọ ohun tó kàn. Ẹ bi í nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn àti ti ṣíkìn-pọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Kò sí wọn lára àwọn tí ìjọba ń fún gbogbo ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó tó ohun tí a ń náwó lé.

Fọ̀níkú-fọ̀ládìde ló ń ṣe ọmọ mi. Tí eegun bá ń ro ó ńkọ́?

Paracetamol, tàbí èyí tí dókítà rẹ̀ bá kọ. Ẹ kò nílò aspirin. Mo mọ̀ pé ìrora yẹn lè mú kí òbí wá ohunkóhun tó bá wà nílé lóru; nítorí ẹ̀ ni kí oògùn tó tọ́ máa wà nílé nígbà gbogbo kó má tán.

Mo ń fún ọmọ lọ́mú. Ṣé èmi lè lo aspirin?

Ẹ yàgò fún un, ó ń bá omi ọmú jáde. Paracetamol dára fún yín.

Ṣé ọmọ tó ní in máa ń padà bọ̀ sípò?

Ó wà lọ́wọ́ ibi tí àìsàn náà dé kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn 1,207 tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1980 sí 1997, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ló kú. Àwọn tí wọ́n gbé dé nígbà tí wọ́n ń bì tí wọ́n sì ń tòògbé lásán, ọ̀pọ̀ wọn ló padà sílé láìsí àbùkù. Ẹ̀dọ̀ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe pátápátá; ọpọlọ ni ìbẹ̀rù wà fún. Ọmọ tó ti dákú fún ọjọ́ púpọ̀ lè ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn, tàbí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà. Tó bá padà sí iléèwé tí kò rántí nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin tíṣà, ẹ má fi ẹgba kọ́ ọ. Ẹ sọ fún àwọn òbí kí wọ́n gbé e padà wá fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kú báyìí lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ní àbíkú ni.

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kódà bó bá dun yín láti sọ. Àwọn àrùn àbímọ́ kan wà tí ara ọmọ kò fi lè lo ọ̀rá bó ṣe yẹ. Ara wọn á dá ṣáṣá títí ọjọ́ tí ibà tàbí èébì kò bá jẹ́ kí wọ́n jẹun. Láàárín òru kan, gbogbo àmì Reye á yọ, láìsí aspirin kankan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí irú èyí ṣe, tàbí tó ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí ọmọ ìyá rẹ̀ ti kú bẹ́ẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ wá àrùn yìí. Wọ́n lè ní láti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn fún àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá rí i, ìtọ́jú rẹ̀ kò le: kí ọmọ má fi ebi sùn, kó sì tètè gba omi ṣúgà sí iṣan ní ọjọ́ tí kò bá lè jẹun. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà, tí wọ́n sì ń bí ọmọ tiwọn.

Kẹ́míìsì ni mo ní. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó rí wa, nítorí náà iṣẹ́ yín tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó bá ra etù ẹ̀fọ́rí tàbí aspirin, ẹ bi í pé, "Ta ló fẹ́ lò ó?" Bó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ẹ fún un ní paracetamol dípò rẹ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ má pò oògùn fún ọmọdé. Tí ẹ bá gé oògùn kúrò nínú páálí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti déètì sára ọ̀rá pẹ̀lú báírò, lọ́nà tó ṣeé kà. Ìyá tó bá sì padà wá bá yín lọ́jọ́ kẹrin pé ọmọ tí ẹ ta oògùn ọ̀fìnkìn fún ti ń bì láti òwúrọ̀, tó sì ń sùn ṣáá, ẹ má ta oògùn èébì fún un. Ẹ bá a pe ọ̀kadà tàbí mọ́tò.